Ìlú ló ń ta kókó ìfẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ fíìmù l'Abuja

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń kọ àwọn fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín yìí, rom-com tí gbogbo wa ń pè é, èyí tí ìfẹ́ ti lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tọ́mọdé fi ṣeré, lágbájá ń fẹ́ tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù sì ti ní ẹlòmíì nílẹ̀, ìlú kan náà ni gbogbo wọn ń gbé, wọn ò sì mọ̀. Mo máa ń dáhùn díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gbé e lọ, a ó ní ó di ìgbà míì. Lónìí mo jókòó tì í.

Sikíríìpù tí mo kọ́kọ́ kọ parí, ọdún 2013 ni, ní Gwarinpa. Mo pe áátìsì mẹ́rin jọ sí pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan kí wọ́n bá mi kà á sókè. Wọ́n kà á débi tí ọmọbìnrin inú ìtàn jí ní Mararaba láago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀rẹ́ ẹ̀ pè é pé àfẹ́sọ́nà ẹ wà pẹ̀lú obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun ní Maitama, ló bá sáré wọ takisí, ó sì bá wọn níbẹ̀, oúnjẹ ò tíì tán nínú abọ́. Ibẹ̀ ni obìnrin tó ń ka ipa yẹn ti dáwọ́ dúró. Mararaba lòun fúnra ẹ̀ ń gbé. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ọ̀nà wo ló gbà?"

Ọ̀nà wo ló gbà. Ẹni tó bá mọ Abuja mọ̀ pé láago méje àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni tó ń bọ̀ láti Mararaba ṣì wà nínú gò-sìlóò ní Nyanya, mọ́tò ò lọ síwájú, kò sì ṣeé bọ́ sílẹ̀. Mararaba ò tiẹ̀ sí lábẹ́ Abuja, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, réǹtì tó rọjú díẹ̀ níbẹ̀ ló kó àwọn èèyàn lọ síbẹ̀, tí wọ́n wá ń wọlé sí Abuja láràárọ̀ láti wá ṣiṣẹ́. Kí ọmọbìnrin yẹn tó dé oríta AYA tí wọ́n ń gbà wọ ìgboro, àwọn tó ń jẹun ti fọ ọwọ́, wọ́n ti sanwó, kálukú ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìtàn tó kù, orí pé ó bá wọn níbẹ̀ ni mo kọ́ ọ lé. Bó ṣe wó nìyẹn.

Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mararaba, mo sì wọ báàsì láago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Kọndọ́ ń pariwo Berger, Wuse, Area 1. Obìnrin kan jókòó síwájú mi, sílípáàsì ló wọ̀, bàtà ọ́fíìsì ẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú lórí itan ẹ̀, ó ń fi iná fóònù kun páńdà. Nígbà tá a dé Nyanya tí mọ́tò ò lọ mọ́, fóònù ẹ̀ dún. Mo gbọ́ tó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó tutù, pé òun ti wà ní ọ́fíìsì o, kọ̀ǹpútà lòun ń tàn. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni kọndọ́ ti la ẹnu, "Nyanya! Nyanya ẹ bọ́ọ́lẹ̀!" Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù. Ọkùnrin tó jókòó tì í, tí wọn ò mọ ara wọn rí, nawọ́ fọwọ́ kan kọndọ́ léjìká, ó ní kó rọra, madam wà ní ọ́fíìsì. Gbogbo báàsì sì dákẹ́. Ẹ gbọ́ mi, èèyàn méjìdínlógún nínú báàsì, Hausa, Gbagyi, Yorùbá, Igbo, Tiv, kò sẹ́ni tó wúkọ́, títí tó fi pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọkùnrin yẹn, ó ní ẹ ṣeun.

Mi ò mọ ẹni tó wà lórí fóònù. Ó lè jẹ́ ọ̀gá ẹ̀, ó lè jẹ́ ọkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí fíìmù kan látòkèdélẹ̀ nínú ìṣẹ́jú méjì yẹn. Irọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀nà ló bí i, kì í ṣe ìwà burúkú. Àjèjì kan gbèjà irọ́ náà, àánú sì kún ìgbèjà yẹn. Ara gbogbo wa nínú báàsì sì wà nínú àṣírí kan tí ẹni orí fóònù ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìlú ló ń ta kókó ìfẹ́, iṣẹ́ tiwa ni ká wá ibi tó ti ta á rí. Tó bá jẹ́ òǹkọ̀wé ló jókòó sílé ta á, tó ní kí ọkùnrin ṣèèṣì wọ ilé ìtajà lásìkò tí obìnrin ṣèèṣì ń jáde, èèyàn á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ó ti mọ̀ pé wọ́n ń tan òun.

Nítorí náà, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo, mo máa ń ya ìlú sórí páálí ńlá. Mo á kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sùn, Kubwa ni àbí Lugbe, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, ọjọ́ tó ń lọ sọ́jà, mọ́tò tó ń wọ̀. Ẹni tó ń gbé Lugbe tó ń ṣiṣẹ́ ní Garki àti ẹni tó ń gbé Kubwa tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, wọ́n lè gbé Abuja ọdún mẹ́wàá kí wọ́n má fojú kan ara wọn. Ìyẹn ni pé ọkùnrin kan lè ní ẹnì kan ní Kubwa kó tún ní ẹlòmíì ní Lugbe, kí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ gan-an. Ẹ fi wé eré àwọn àgbà wa nípa ilé olórogún. Nínú agbo ilé, orogún mọ orogún, ojú kan náà ni wọ́n ti ń bomi, ìjà àti àwàdà wà nínú pé wọn ò ríbi sá fún ara wọn. Ní ìlú ńlá, títì ọlọ́nà mẹ́rin ló là wọ́n láàárín. Àwàdà tiwa wà nínú ọjọ́ tí títì yẹn ò ní lè là wọ́n mọ́, àwọn tó ń wòran á sì ti máa rí ọjọ́ yẹn bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, inú wọn á máa dùn, àyà wọn á sì máa já.

Abuja tún ní tiẹ̀ tí Èkó ò ní. Ẹ rántí pé ìlú tí wọ́n kó àwọn èèyàn wá ni. Ọdún 1976 ni ìjọba Murtala ṣòfin pé ibí ni olú ìlú máa wà, 12 December 1991 ni ìjọba kó kúrò l'Èkó wá síbí pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó tẹ̀ lé e wá, ọ̀pọ̀ fi ìyàwó sílẹ̀ ní Surulere, ọ̀pọ̀ obìnrin náà fi ọkọ sílẹ̀ n'Íbàdàn torí ọkọ níṣẹ́ níbẹ̀. Títí di báyìí, ẹ lọ dúró ní páàkì Utako lọ́sàn-án Fúráìdeè, ẹ máa rí wọn, ọkùnrin tó gbé báàgì kékeré kan àti kílíṣí tí wọ́n wé sínú ìwé, ó ń lọ sí Ìlọrin, ó ń lọ sí Ọ̀ṣogbo, Sunday alẹ́ á ti padà. Èèyàn tó ń gbé ìgbésí ayé méjì láì tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni! Ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ̀ ni ìtàn yín bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ fíìmù méjì jáde látinú páàkì yẹn, mi ò sì tíì gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀.

Réǹtì náà wà níbẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n ń gbà ṣíwájú, lándílọ́ọ̀dù míì á ní ọdún méjì. Ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ dáwó san ilé, tí ìfẹ́ wá bà jẹ́ lóṣù kẹrin, ta ló máa kó jáde? Wọ́n á fi wọ́dúróòbù dá pálọ̀ sí méjì, wọ́n á máa kí ara wọn ẹ káàárọ̀ bí àwọn tó jọ ń gbé ilé ojúlé mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn túká. Gbogbo ẹni tó ń wòran mọ iye tí ilé jẹ́.

Àwọn kọ́pà náà ń kọ́? Látọdún 1973 ni NYSC ti ń kó ọmọ Yorùbá lọ sí Sokoto, ọmọ Borno wá s'Ékìtì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní káǹpù, ọdún kan lẹ́nu ìsìnrú ìlú, ó parí. Ìfẹ́ kọ́pà ní ọjọ́ tó máa tán lórí kàlẹ́ńdà láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó dáa jù fún wa. Ẹ lò ó.

Ẹ má gbàgbé fóònù o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sikíríìpù tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí mi ti ń kú. Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, lẹ́tà lè sọnù, ìránṣẹ́ lè jíṣẹ́ fún ẹni tí a ò rán an sí, èèyàn méjì lè fi ọdún kan bínú síra wọn lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Lónìí, ẹni tó ń wòran á ní "kó pè é nísinsìnyí, kó bi í". Tẹ́ ẹ bá ní kọ́ọ̀lù ò wọlé, a gbà fún yín lẹ́ẹ̀kan. Kunle Afolayan rí ọ̀nà míì nínú fíìmù ẹ̀, Phone Swap, lọ́dún 2012, fóònù èèyàn méjì pààrọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ohun tó yẹ kó tú kókó ló wá ta á. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Tèmi ni pé mo máa ń jẹ́ kí fóònù máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n sì rí ara wọn pè, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ohun tí wọn ò lè sọ lórí ẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ó pè é, ó gbé e, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí tòmátò di, wọ́n ní ó dàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká rí ojú àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n pa á.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá ń ka iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun fífi mai gádì ṣe ẹ̀sín. Ọmọ Hausa tó ń ṣọ́ géètì, tó ń sọ Yorùbá tó já, tí gbogbo ẹnu tó bá yà ẹ̀rín ni. Iṣẹ́ ló wá ṣe bíi tiwa, kò yẹ ká máa fi í rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì, ẹ ń fi ohun rere ṣòfò. Ta ló mọ ẹni tó wá lálẹ́ Tuesday tó sì lọ láàárọ̀ Wednesday? Ta ló mọ̀ pé mọ́tò tó gbé Aunty wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ ló gbé e wá lónìí? Nínú gbogbo ìtàn tó díjú yẹn, òun nìkan ló mọ gbogbo ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kan, torí pé ọmọlúàbí ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fún mai gádì ní ìyàwó ní Katsina, tó ń pè é lóru tí géètì bá ti dákẹ́, tó ń bi í pé ṣé ọmọ ti jẹun, àwọn tó wòran sọ fún mi pé òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ìfẹ́ tiẹ̀ nìkan ni ò lọ́jú pọ̀ nínú fíìmù yẹn, ó sì jẹ́ ká rí bí tàwọn ọ̀gá ẹ̀ ṣe lọ́jú tó.

Ẹ sì tún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Kano. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé ìfẹ́ péńpé yẹn lédè Hausa, littattafan soyayya, wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń yá ara wọn kà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn Kannywood, ìyẹn àwọn fíìmù Hausa tí wọ́n ń ṣe ní Kano, ti ṣẹ̀. Olólùfẹ́ wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn nínú fíìmù. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdènà ni, àfìgbà tí mo jókòó wò wọ́n dáadáa. Ọkùnrin dúró síbi igi, obìnrin dúró síbi ògiri, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ láàárín wọn, orin ń lọ, obìnrin sì fa gyale, ìborùn ẹ̀, bojú díẹ̀. Àyà rẹ á máa lù. Àwa tá a lè kọ pé wọ́n dì mọ́ra, a máa ń tètè kọ ọ́, ìran náà á sì ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ibi tí gbogbo wọn ti máa pàdé, ẹ má wá ibi tó jìnnà. Òwàǹbẹ̀ wà. Nínú The Wedding Party tí Kemi Adetiba darí lọ́dún 2016, ọjọ́ ìgbéyàwó kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìtàn, ìdílé Yorùbá lọ́tùn-ún, ìdílé Igbo lósì, kò sẹ́ni tó lè bínú lọ sílé torí aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn gbogbo wọn. Abuja nìkan ni kẹ́ ẹ tún ro tiẹ̀, níbi tí ìyá ọkọ á ti wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọjọ́ gbọọrọ, ará ilé ò sì ní lè ní kó lọ sùn síbòmíì. Ìyá tó wá kí ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì lágbára ju ìgbéyàwó mẹ́ta lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo ní ìran kan nígbà kan lórí ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna. Látọdún 2016 tí ọkọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ lò ó, torí ó ní àkókò tó ń gbéra, kì í dúró de olólùfẹ́, ọkùnrin ń sáré bọ̀ ní ibùdókọ̀ Idu, obìnrin wà lójú fèrèsé. Mo kọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn 28 March 2022 tí wọ́n kọ lu ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọ igbó lọ, mo yọ ọ́ kúrò. December ọdún yẹn ni ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, prodúsà sì ní kí n dá a padà. Mi ò dá a padà. Ẹni tó ń wòran lè jẹ́ ẹni tí ọmọ ìyá ẹ̀ wà lórí ọkọ̀ yẹn, ó sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì láti wá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo ibi tó bá ìtàn mu ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣeré.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan gba ìtàn páàkì Utako lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí Lekki, páàkì ò sí nínú ẹ̀ mọ́, orúkọ mi náà ò sí. Ó dùn mí di bá a ṣe ń sọ yìí.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ràn jù. Èdè wa fún wa ní ohun tí àwọn tó ń kọ fíìmù ìfẹ́ ní London àti New York ò ní. Àwọn, "you" ni fún ọba, "you" ni fún ìyàwó. Àwa ní "ẹ", a ní "o". Ọjọ́ tí ọmọbìnrin kúrò lórí "ẹ" bọ́ sórí "o" fún ọkùnrin kan, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò nílò kí wọ́n fẹnu kora lẹ́nu. Mo kọ ìran kan bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ ọ̀gá ọmọbìnrin yìí ní mínísírì, wọ́n ń fẹ́ra wọn ní bòńkẹ́lẹ́, ìyá ọkùnrin dé láti ilé, ni ó bá sọ fún ìyá pé ọmọ ọ́fíìsì wa ni, fáìlì ló gbé wá. Ọmọbìnrin kúnlẹ̀, ẹ káàbọ̀ mà, ọ̀gá ẹ wo fáìlì yìí sà, ẹ bu ọwọ́ lù ú níbí sà. Ó ń ṣe é dáadáa gan-an. Ìyá ní kó jókòó jẹun. Ọkùnrin nawọ́ sí ata, ọmọbìnrin ò sì gbójú sókè nínú abọ́ ìrẹsì tiẹ̀ tó fi ní, "Má fi ata yẹn sí i jàre, o ti gbàgbé pé kì í bá ẹ lára mu."

Nínú ìwé tí mo kọ, ìyá á gbaná jẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ojú ìwé méjì ni mo fi kọ ìjà náà. A wá kà á sókè, pálọ̀ kan náà ní Gwarinpa. Màmá àgbàlagbà kan ló ń ka ipa ìyá, ó ti ń ṣeré orí ìtàgé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé sílẹ̀ lórí itan. Ó wo ata, ó wo ọkùnrin, ó wo ọmọbìnrin náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ní ohun tí mi ò kọ síbẹ̀, "Kí loríkì ẹ?"

Ọmọ tó ń ka ipa yẹn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé tó lè fi dáhùn. Ó kàn sọ tiẹ̀ gangan. "Àṣàkẹ́ ni, mà."

Mo mú bírò, mo fagi lé ojú ìwé méjèèjì.